Oòrùn Tí A Kì Í Sá Èlùbọ́ Sí

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ìlú òyìnbó ni oòrùn wọn ti kọ́kọ́ tàn mí jẹ, ó sì yẹ kí n ti gbọ́n láti ọjọ́ náà. Mo jí, mo ṣí kọ́tìnnì, mo rí i tó ń ràn yòò lórí koríko, bó ṣe máa ń ràn lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Ọ̀mù-Àrán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú mi dùn. Mo wọ bùbá, mo ró ìró, mo fi kóòtù tí wọ́n fún mi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo jáde láti lọ yá oòrùn. Kí n tó dé ẹnu géètì, eyín mi ti ń gbá ara wọn. Obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ojú ọjọ́ mà dára lónìí o." Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹnu mi ò ṣí.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo lọ kọ́. Òmìnira wa ò tíì gbó nígbà náà, àwọn èèyàn ṣì ń tọ́jú àsíá kékeré tí wọ́n fún àwọn ọmọ iléèwé. Kí n tó lọ, mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní ilé ìwòsàn míṣọ́n kékeré kan nítòsí ìlú wa. Mo mọ abẹ́rẹ́ í fún, mo mọ egbò í wẹ̀, mo mọ ẹ̀jẹ̀ í fà. Nítorí náà n kò lọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo lọ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun mọ nǹkan, àrùn yẹn sì burú ju ibà lọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Mátírọ̀n, ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rò ó. Bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn, ara mi ló kí i, kì í ṣe èmi. Mátírọ̀n pariwo. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Nọ́ọ̀sì méjì sáré wá, wọ́n gbé mi sórí àga, ọ̀kan di ọwọ́ mi mú ó ń ka bí iṣan ṣe ń sọ, èkejì fún mi ní tíì tó kún fún ṣúgà. N ò já wọn kulẹ̀. Mo mu tíì náà tán, mo sì dúpẹ́. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbàkígbà tí Mátírọ̀n bá rí mi, yóò bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ní ilé tí àwa nọ́ọ̀sì ń gbé, ọmọ Ìbàdàn kan wà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Mo rò pé mo ti rí ará ilé. Ó bi mí níbi tí mo ti wá, mo sọ fún un.

"Áà, ẹ̀yin ará Òkè Ọya," ló wí.

Mo ní, "Odò Ọya wà lókè ọ̀hún. A ò tíì rékọjá rẹ̀ rí."

"Àmọ́ ìjọba Àríwá lẹ wà."

Òótọ́ ni. Ìwé ìrìnnà mi ń pè mí ní ará Àríwá, ẹnu mi ń sọ Yorùbá. Nígbà tí mo lọ sí ìpàdé àwọn ọmọ Àríwá tó wà ní ìlú náà, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n sì bi mí ohun tí ọmọ Yorùbá wá ṣe lọ́dọ̀ wọn. Àwọn òyìnbó ní tiwọn ò da ara wọn láàmú, ará Áfíríkà ni wọ́n pe gbogbo wa, ó tán. Mo wá dàbí ẹni tó jókòó sórí ìloro: ẹni tó ń wọlé á tẹ̀ mí, ẹni tó ń jáde á tẹ̀ mí. Àwọn àṣálẹ́ kan wà tí mo máa ń ti ilẹ̀kùn, tí màá fi ohùn Ìgbómìnà bá ara mi sọ̀rọ̀, kí n má baà gbàgbé bó ṣe ń dún. Ó dùn mí gan-an, n kò ní parọ́.

Ohun tó máa ń gbé mi ró ni fóònù. Ẹ má rò pé ó rọrùn bí ti ìsinsìnyí. Màá kọ lẹ́tà sí àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ tíṣà, pé kí ó mú Ìyá wa lọ sí pọ́ọ̀sì ọ́fíìsì ní Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé báyìí, ní ọ̀sán. Wọ́n á wọ lọ́rì lọ láàárọ̀. Èmi náà á lọ dúró nídìí fóònù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, màá bẹ àwọn tó ń so wáyà. Nígbà míì, yóò so. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n máa ń fún wa.

Ìyá mi kò sì lè sọ nǹkan kan kí ó tó kí èèyàn tán. Ọmọ Èsìẹ́ ni, wọn kì í sáré kíni níbẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ látorí òtútù, á bọ́ sórí oòrùn, á bọ́ sórí iṣẹ́, oúnjẹ, ọ̀gá mi, àwọn aláìsàn mi, ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Bó bá ti fẹ́ bọ́ sórí àdúrà báyìí, obìnrin tó ń so wáyà á ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé." Ọdún méjì gbáko, n kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún Ìyá mi ju "A dúpẹ́, Ìyá" lọ. Síbẹ̀, bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ìrìn mi á yàtọ̀ títí di ọjọ́ Wẹ́sidé.

Ní ọdún kẹta mi ni wọ́n gbé bàbá kan wá sí wọ́ọ̀dù wa. Òdòdó ló máa ń gbìn fún àwọn olówó, mo sì sọ ọ́ ní Bàbá Olódòdó. Ẹ̀gún rósì ló gún un lọ́wọ́. Kò kà á sí, àfìgbà tí ọwọ́ náà wú tí ibà sì gbé e ṣánlẹ̀. Ọjọ́ tó dé, ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́.

"Ṣé ẹ ní rósì lọ́dọ̀ yín?" ló bi mí.

"Iṣu la ní."

"Ẹ kì í gbin nǹkan kí ẹ kàn máa wò ó?"

"Ohun tí a kàn fẹ́ wò, Bàbá, ó máa ń hù fúnra rẹ̀. A kì í ro oko fún un."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Ó ní bí òun bá dìde níbẹ̀, òun á gbin iṣu kan sínú ọgbà olówó kan, kí ìyàwó olówó náà wá máa gbóòórùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Nínú gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, òun nìkan ló bi mí léèrè ohun tí a máa ń jẹ nílé, tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ní ọjọ́ kejì, àrùn ọwọ́ náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sẹ́pusísì ni àwọn dókítà ń pè é. Wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí n kò rí rí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀ àti ní gbogbo ibi tí a ti gún un lábẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dúdú bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Dókítà wọ́ọ̀dù wa, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn, wò ó, ó sì pàṣẹ pé ká fún un ní hẹ́párìn. Hẹ́párìn ni oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Mo yọ́ lọ bá Sístà, obìnrin tó ń darí wọ́ọ̀dù wa, mo ní, "Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹ tún fẹ́ fún un ní ohun tí kò ní jẹ́ kó dá?"

Dókítà gbọ́, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní àrùn náà ti mú kí ẹ̀jẹ̀ bàbá yìí máa dì káàkiri inú àwọn iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín, ní ibi tí kò yẹ kó ti dì. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibi tó yẹ kó dì fi ń dà. Bí a bá lè dá dídì àìnídìí náà dúró, ìyókù á rí ààyè ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Mo ní, "Áà, omi wàrà ni."

Ó wò mí. Mo sọ fún un pé nílé wa, àwọn ìyá Fúlàní máa ń fi oje ewé kan sínú wàrà tó wà lórí iná, wàrà náà á sì dì gbuurugbu káàkiri inú ìkòkò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó èyí tó dì, omi ló kù. O lè fi ewé oko gbogbo sínú omi yẹn, kò ní dì mọ́. Dókítà yíjú sí Sístà, ó ní, "Ó yé e jù mí lọ." Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ nílẹ̀ òyìnbó nìyẹn. Orí mi wú, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Oògùn náà gba ìṣọ́ra. Bó bá kéré, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa dì nínú iṣan. Bó bá pọ̀, aláìsàn lè sun ẹ̀jẹ̀ kú. Nítorí náà, kí a tó fúnni ní òmíràn, a gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ká máa wo aago, ká máa tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìgbà dé ìgbà, títí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á fi dì débi pé bí o bá dorí rẹ̀ kodò, kò ní ṣàn. Bó bá pẹ́ kó tó dì, oògùn ti pọ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe é ti máa ń lọ ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ láti ọ̀sán Fúráídé, Fúráídé sì ni. Dókítà bèèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Èmi," ni mo wí. "A máa ń ṣe é nílé."

Sístà ní, "O mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ móoru bí ara èèyàn?"

"Mo mọ̀, Sístà." Mo sì mọ̀ lóòótọ́.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Ní ilé ìwòsàn wa nílé, a máa ń to ìgò sórí tábìlì ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ń ràn sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ yẹn móoru bí ara ẹ̀dá, kò sí ẹni tó ń gbé omi kaná nítorí rẹ̀. Ọjọ́ Fúráídé yẹn, oòrùn ń ràn lójú fèrèsé wọ́ọ̀dù, ó funfun, ó mọ́lẹ̀, ó rẹwà. Mo to ìgò mi síbẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo aago bí ọ̀gá. Ẹ̀jẹ̀ náà pẹ́ kó tó dì, ó pẹ́ gan-an. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé tó dára. Dókítà kà á, ó dín oògùn kù. Ní àárọ̀ Sátidé mo tún ṣe é, ó tún pẹ́. Dókítà tún dín in kù, ó ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, òun á dá a dúró pátápátá. Ìka ẹsẹ̀ Bàbá ń dúdú sí i, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń kán bí omi ẹnu páìpù tó bàjẹ́. Kò dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá sọ̀rọ̀ iṣu.

Mo ṣe ti ọ̀sán, òun náà pẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo lọ fún ìsinmi díẹ̀, ọjọ́ fóònù mi sì ni. Mo ń di irun mi lọ́wọ́, apá kan ti dì, apá kan dúró ṣánṣán, nígbà tí wáyà so. Ohùn Ìyá mi dé láti Ìlọrin bí ẹni tó ń pè mí láti ìsàlẹ̀ kànga.

"Ọmọ mi! Òtútù ibẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Ìyá."

"Oòrùn ńkọ́? Ṣé ó máa ń ràn?"

"Ó ń ràn lónìí, Ìyá. Ó ń ràn gan-an."

"Ṣé èèyàn lè sá èlùbọ́ sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Ìyá. Kò gbóná rárá. Èlùbọ́ á kàn bu ni."

"Kò gbóná? Kí ló wá ń ṣe lókè?"

Mo dúró bí ère òkúta Èsìẹ́. Ó ń ràn, kò sì gbóná. Mo rí ìgò mi mẹ́ta lójú fèrèsé, tí òtútù ń mú wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí òtútù bá mú kì í tètè dì. Kì í ṣe oògùn ló pọ̀ lára Bàbá. Èmi ni mo sá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí oòrùn tí kò ṣeé sá nǹkan kan sí, tí mo sì mú kí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi ń sọ pé, "Iṣẹ́ ńkọ́..."

Mo ní, "Ìyá, mò ń bọ̀." Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sáré.

Bí mo ti ń sáré, mo mọ ohun méjì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè dá mi padà sílé, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ilé wa tó dáwó jọ kí n lè wá kọ́ṣẹ́ wá máa wò mí. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, Bàbá á kú, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ láyé àfi èmi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù. Mo lè ní mo kàn wá wò ó ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má ṣe yìn mí: mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo wọlé, pẹ̀lú irun ààbọ̀ àti sálúbàtà ẹsẹ̀ mi. Dókítà di pẹ́ẹ̀nì mú, ó fẹ́ kọ ọ́ pé ká dá hẹ́párìn dúró.

"Ẹ má kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí. "Irọ́ ni ohun tí mo kọ sílẹ̀. Ojú fèrèsé ni mo to wọ́n sí. N kò lo omi gbígbóná. Mo rò pé oòrùn ni."

Sístà kò bínú sókè. Ó bu omi gbígbóná sínú abọ́, ó fi ohun tí a fi ń wọn ibà wò ó títí ó fi rí bí ara èèyàn. Ó fa ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ó fi ìgò mẹ́ta sínú omi, ó to mẹ́ta sójú fèrèsé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró tì í. Àwọn ti inú omi dì kí aago tó rìn jìnnà, Sístà dorí wọn kodò, wọn ò ṣàn. Àwọn tèmi ń mì bí omi kòkó lójú fèrèsé. Oòrùn wà lórí wọn, ó ń dán.

Dókítà tún di pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ mú. Ó kọ àṣẹ tuntun, wọ́n dá oògùn náà padà sí bó ṣe yẹ kó wà.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ìtọ̀ Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà dáadáa, kí èrìgì rẹ̀ tó gbẹ. Ó yè. Ìka ẹsẹ̀ méjì ló lọ sí i. Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá àrùn ló jẹ wọ́n tàbí oòrùn mi. Títí di òní, àwọn oníṣègùn ṣì ń jiyàn lórí hẹ́párìn àti àrùn inú ẹ̀jẹ̀ yìí: àwọn kan ní ó ń gbani là, àwọn kan ní ewu rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. N kì í dá sí i. Èmi mọ ìka méjì tèmi.

Mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Olódòdó fúnra mi. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, ó ní, "Bàtà mi ti ń há mi tipẹ́." Ó bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé mo ṣì í, mo ní Ìyá mi ló bi mí nípa èlùbọ́. Mo tún wá ṣàlàyé ohun tí èlùbọ́ jẹ́, ọ̀sán kan gbáko.

Mátírọ̀n ránṣẹ́ pè mí. Bí mo ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀.

"Ṣé òòyì tún ni?" ló wí.

"Rárá, Mà. Ẹ̀bẹ̀ ni."

Ó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ní kí n dìde. Kò lé mi. Ó ní gbogbo ọmọ tuntun tó bá wá kọ́ṣẹ́, èmi ni màá máa kọ́ wọn ní bí a ṣe ń to ìgò, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo ṣe fún wọn, láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo sọ ọ́ débi pé wọ́n fi oòrùn sọ mí lórúkọ.

Ẹni tí kò dárí jì mí ni Ìyá mi. Àbúrò mi kọ̀wé pé Ìyá ní òun ò tún ní wọ lọ́rì lọ sí Ìlọrin lọ kí ẹni tó gé òun lẹ́nu láàárín ìkíni. N kò lè kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà. Ta ni yóò kọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn? Nínú lẹ́tà kan náà ló ti sọ pé wọ́n ti yọ wá kúrò lára Àríwá, pé Ìpínlẹ̀ Kwara la wà báyìí. Mo gbé e sáré lọ fún ọmọ Ìbàdàn yẹn. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kwara? Odò Ọya náà ni àwọn Haúsá ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ yín kúrò ní Òkè Ọya, wọ́n wá jù yín sínú odò!"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ibi tí mo ti wá kò dùn mí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo ti mọ̀ pé ilé wà lára mi, kódà nínú àṣìṣe tí mo ṣe.

Ọdún méje lẹ́yìn fóònù yẹn ni mo padà sílé. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá Ìyá mi, ó ń yí èlùbọ́ padà lójú oòrùn. Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta tó ń jóni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: fèrèsé, ìgò, ìka ẹsẹ̀, ìdí tí mo fi gbé fóònù kalẹ̀. Ó ń yí èlùbọ́ rẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí mo fi sọ tán.

"O ní ò ń bọ̀," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó ti pẹ́ díẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti gé e. "Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Ìyá."

"Oúnjẹ ibẹ̀ ńkọ́? Ọ̀gá yín ńkọ́? Ọmọ Ìbàdàn yẹn ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, Ìyá."

"Bàbá olódòdó yẹn ńkọ́? Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí. "Ó ku mẹ́jọ, Ìyá."

Ó rò ó wò. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tí yóò sọ fún wa pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé.

"Mẹ́jọ á gbé e," ló wí, ó sì bọ́ sórí àdúrà.